Ọ́ìlì Lórí Sìmẹ́ńtì Kòkó

Ẹnu Bámijókò ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, Bámijókò tí ọgbà rẹ̀ bá ti Hannah pààlà ní Ìṣẹ́ Èkìtì. Kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí Hannah jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kòkó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olúwarẹ̀ á máa rò pé nǹkan tí kò tó nǹkan ló da ìyá àti ọmọ rú.

Hannah kì í ṣe olówó, oko rẹ̀ kò sì tóbi, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kòkó tó mọ́ láti Ìṣẹ́ títí dé Ẹmùrè, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. Ògúnyẹmí tó ń ra kòkó ládùúgbò náà a máa ki imú bọ àpò gbogbo ènìyàn kó tó gbé e lé òṣùwọ̀n. Tó bá kan ti Hannah, kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. "Kòkó ìyá yìí kì í rùn," ohun tó máa ń wí nìyẹn, a sì ní kí wọ́n gbé e.

Kì í ṣe oríire lásán. Hannah kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà gun ojú sìmẹ́ńtì tó ń sá kòkó sí, ì báà jẹ́ pásítọ̀. Tó bá fi ìpara pa ara láàárọ̀, kì í fọwọ́ kan kòkó títí yóò fi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wọn kì í dáná lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, nítorí kòkó a máa fa òórùn mọ́ra bí òwú ṣe ń fa omi, tó bá sì ti fà á, ó parí nìyẹn. Joseph, ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sìmẹ́ńtì náà sí ẹ̀yìn ilé. Bírikìlà ni Joseph. Àwọn ènìyàn ní kó jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò lè máa sàn kúrò níbẹ̀, ó ní òun kò kọ́ iṣẹ́ nǹkan wíwọ́, ó sì tẹ́ ẹ bí ojú tábìlì. Láti ìgbà náà, tí òjò bá rọ̀, Hannah ni yóò mú ìgbálẹ̀ tí yóò máa gbá omi kúrò.

Morónkẹ́ nìkan ni wọ́n bí. Èkó ló ń gbé. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó tí kò rí sójú rí, owó iṣẹ́ náà ló sì fi ra ọkọ̀ tó gbé wálé lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ alága méjì ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, ó pupa bí ata rodo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn àga, àyà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ọkọ̀ tó lè sáré ju àṣá lọ, ṣùgbọ́n láti Àkúrẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìṣẹ́, ńṣe ló ń yọ́ rìn nínú kòtò bí ẹni tó ru ìkòkò omi, tí àwọn bọ́ọ̀sì ògbólógbòó ń kọjá lára rẹ̀, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, bí Morónkẹ́ ṣe tan ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ kan yọ níwájú rẹ̀ pé ọjọ́ tó yẹ kó pààrọ̀ ọ́ìlì ti kọjá. Ìyẹn kò bá a lójijì. Ó ti ra lítà ọ́ìlì mẹ́sàn-án àti fíltà tuntun, ó kó wọn sínú bùùtù láti Èkó wá. Ó ti búra pé mẹ́káníìkì kankan kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ òun mọ́, nítorí ẹni tó bá a pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, òòlù ló fi ń lu síkírù abẹ́ rẹ̀.

"N ó ṣe é fúnra mi," ló sọ fún ìyá rẹ̀ nídìí àkàrà àti ògì. "Mo ti wo fídíò rẹ̀ nígbà mẹ́fà."

"Ṣé gbogbo ohun tí ènìyàn bá wò ló máa ń mọ̀ ọ́n ṣe ni?" Hannah bi í. "Mo ń wo dókítà nígbà tó ń yọ eyín mi."

Morónkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó rín kẹ́yìn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ọkọ̀ náà kò ní géèjì tí ènìyàn máa ń fà yọ láti wo ibi tí ọ́ìlì dé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọn ọ́ìlì ara rẹ̀, tí yóò sì sọ ọ́ lójú sikirínì, kì í sì í wọ̀n ọ́n àfi tó bá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Morónkẹ́ gbé e sí iwájú ilé, sikirínì ní ilẹ̀ kò tẹ́jú. Ó yí i padà, kó kọjú sí ọ̀nà, ó ní ilẹ̀ kò tẹ́jú. Ó gbé e dé iwájú ilé Bámijókò, ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìlú tí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ tó yìí, níbo ni yóò ti rí ibi tó tẹ́jú? Ó padà sílé, inú ń bí i, ó dúró sẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí sìmẹ́ńtì tí bàbá rẹ̀ ṣe.

Kòkó wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà tí oòrùn ti ń pa á nìyẹn, ó ti ń dún wàràwàrà tí wọ́n bá fi igi tú u.

"Kí lo wí?" ni Hannah wí nígbà tó gbọ́.

"Màámi, kí oòrùn tó dé àárín orí, mo ti parí. Wákàtí méjì. Kí n má purọ́ fún yín, mẹ́ta."

"Ọkọ̀. Lórí ulẹ̀ kòkó."

"Màámi, kò sí ibòmíràn tó tẹ́jú nínú gbogbo ìlú yìí. Mo ti wá a tì."

"Morónkẹ́, oòrùn ọjọ́ méjì péré ló kù fún un. Ọjọ́ Ajé ni Ògúnyẹmí ń bọ̀."

"Ọjọ́ Ajé náà ni mo gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò ní jẹ́ kí nǹkan kan kán sílẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́."

Hannah wò ó títí. Ọmọ yìí kì í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ òun; ọdún ń gorí ọdún, ọmọ náà ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í bèèrè nǹkan, ó ṣòro láti sọ pé rárá sí i. Ó mú igi ìtúkòkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ kòkó jọ sí igun kan lórí sìmẹ́ńtì náà, ó kó o jọ gègèrè, ó fi tapólì bò ó, ó sì gbé òkúta lé etí rẹ̀ yíká.

Lẹ́yìn náà ló gbé garawa omi, ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó sì jókòó ti táyà àkọ́kọ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fọ̀ kó tó gbà kí ọkọ̀ náà gun sìmẹ́ńtì òun. Bámijókò yọrí láti ẹ̀yìn ọgbà.

"Ìyá Morónkẹ́, ẹ ò kúkú pọ̀n ọ́n tí ẹ bá wẹ̀ ẹ́ tán?"

"Kò lè bọ́ bàtà tó wọ̀," Hannah dá a lóhùn. "Ó gbọ́dọ̀ wẹsẹ̀ ni."

Nígbà tó ṣe tán, ó wé gèlè rẹ̀, ó ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin gbá ilé ìjọsìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Má jẹ́ kí nǹkan kan kán sílẹ̀ o."

"Màámi, mo ti gbọ́."

Ohun tí Morónkẹ́ kọ́kọ́ rí ni pé ọkọ̀ náà kò lè gun sìmẹ́ńtì. Etí rẹ̀ fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju ilẹ̀ lọ, àyà ọkọ̀ á sì gbá a. Ó ránṣẹ́ yá pákó lọ́dọ̀ Dáramọ́lá. Dáramọ́lá ló ń tún bọ́ọ̀sì ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ṣe, kíláàsì kan náà ni òun àti Morónkẹ́ jọ wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Pákó mẹ́jọ dé lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, Dáramọ́lá sì tẹ̀lé wọn.

"Ọmọ Joseph bírikìlà! Wọ́n ní o fẹ́ gba uṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Pákó ni mo ránṣẹ́ sí, n ò ránṣẹ́ sí ìwọ."

"Pákó mi kì í dá rìn. Ojú máa ń tì í láàárín àlejò." Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sún mọ́ sìmẹ́ńtì, kò sí ẹni tí kò mọ òfin Hannah. Ó yí ọkọ̀ náà po. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ọkọ̀ nìyí. Bí ènìyàn bá sùn sílẹ̀ gbalaja, ó ga jù ú lọ."

Wọ́n to pákó ní méjì-méjì láti ilẹ̀ dé orí sìmẹ́ńtì, Morónkẹ́ sì rọra wa ọkọ̀ náà gun orí wọn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí pákó. Ó tẹ bọ́tìnnì. Sikirínì sọ fún un pé ilẹ̀ tẹ́jú. Inú rẹ̀ dùn. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Àyè tó wà níbẹ̀ kò ju kí ènìyàn mí lọ. Rọ́bà pẹrẹsẹ kan bo gbogbo abẹ́ náà, síkírù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì dì í mú. Nínú fídíò, ọkùnrin òyìnbó náà tú gbogbo rẹ̀ láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan. Morónkẹ́ tú mẹ́rin, ọrùn ń dùn ún. Ó tú mẹ́wàá, iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ń dà sí i lójú. Èyí tó ṣe ìkọkàndínlógún kò ní ojú mọ́ rárá. Òòlù mẹ́káníìkì ìjọ́sí ti lù ú di róbótó. Sípánà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ó yọ̀ títí ó fi bó o léèékánná.

"Fún mi ní uṣẹ́jú kan péré," Dáramọ́lá wí. Ó ti lóṣòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Má fọwọ́ kàn án."

"Kí n tó jẹ ẹ̀pà yìí tán, á ti jáde."

"Dáramọ́lá, mo ní má fọwọ́ kàn án! Ọwọ́ ẹ̀yin náà ló sọ ọ́ di báyìí."

"Èmi kọ́ o. Ọmọ Ìṣẹ́ kì í fi òòlù lu síkírù." Ó tu èèpo ẹ̀pà sínú ọwọ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. "Géèjì rẹ̀ dà?"

"Kò ní géèjì."

"Irọ́ ni. Ọkọ̀ wo ni kò ní géèjì? Wọ́n fi pa mọ́ ni, kí ẹ lè máa padà lọ bá wọn." Ó sì dìde, ó ń wá géèjì kiri inú ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. "Tí o bá dà á tán, da dísùlù díẹ̀ sí i, kó fi fọ inú."

"Dísùlù kẹ̀! Ṣé o fẹ́ pa ọkọ̀ mi ni?"

"Gbogbo bọ́ọ̀sì Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń fi dísùlù fọ̀."

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀."

Dáramọ́lá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. Ṣùgbọ́n síkírù náà kò jáde. Oòrùn ti gun òkè àjà, wákàtí kan àti ààbọ̀ ti lọ, Morónkẹ́ ṣì ń fi ọ̀bẹ ìdáná ìyá rẹ̀ ha orí síkírù kan ṣoṣo. Nígbà tó já nígbẹ̀yìn, ọ̀bẹ náà kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò wò ó. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tú ìyókù, ó sì wọ́ rọ́bà náà kúrò.

Ihò méjì ni ọ́ìlì ọkọ̀ náà ń gbà jáde, bóòtù kọ̀ọ̀kan ló dí wọn. Morónkẹ́ mọ èyí. Ó gbé abọ́ rọ́bà tí ìyá rẹ̀ fi ń bu gàrí wọ abẹ́ ọkọ̀.

Dáramọ́lá tẹ orí ba. "Abọ́ yẹn kéré."

"Ṣé o ti rí irú ọkọ̀ yìí rí ni?"

"N ò rí i rí. Mo ti rí abọ́ rí."

Morónkẹ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ géèjì, ó ti gbọ́ ti dísùlù, etí rẹ̀ ti kún.  Ó tú bóòtù àkọ́kọ́. Ọ́ìlì dúdú já wálẹ̀, ó dà díẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kán tó, tó, tó. Abọ́ náà kò tíì kún dé ìdajì. Ẹ wò ó, abọ́ náà tó, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé lítà mẹ́sàn-án ló wà nínú bùùtù, bẹ́ẹ̀ sì ni iye tí ẹ́ńjìnnì bá ń mu náà ni yóò tú jáde. Abọ́ gàrí kan kò sì ju lítà mẹ́fà lọ. Ó tì í sábẹ́ ihò kejì, ó fi sípánà yí bóòtù rẹ̀, ó fọwọ́ tú u parí.

Èyí kò kán. Ńṣe ló tú jáde bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi. Ó ṣì gbóná. Ó jó o lọ́wọ́, bóòtù náà sì bọ́ sínú abọ́, kò rí i mọ́. Abọ́ kún. Ó fẹ́ fà á jáde kó lọ dà á, ṣùgbọ́n bí ó ṣe mì í, ọ́ìlì ta dànù létí rẹ̀. Ó fẹ́ fi ìka dí ihò náà, ọ́ìlì gba apá rẹ̀ lọ sí abíyá. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, lójú ara rẹ̀, ọ́ìlì dúdú ń kọjá etí abọ́ gàrí, ó ń rìn lórí sìmẹ́ńtì tí ẹnikẹ́ni kò wọ bàtà gùn rí.

"Dáramọ́lá! Abọ́! Gbé abọ́ wá!"

Dáramọ́lá ti fò sọ̀kalẹ̀. "Eérú ni mo ń lọ kó! Má fọwọ́ kàn án, má nù ún, eérú ni yóò mu ún!"

Ó sáré lọ sídìí ààrò. Ká ní Morónkẹ́ dúró dè é, ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó rí bí ọ́ìlì náà ṣe tó, ó rí i pé oòrùn ti dé àárín orí. Ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá da nǹkan sílẹ̀ máa ń ké ló ké.

"Omi! Ẹ gbà mí, ẹ bá mi mú omi wá!"

Ìgbà yìí ni Bámijókò wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ó ń fọṣọ lọ́wọ́ lágbàlá rẹ̀. Ó gbọ́ omi, ó gbé garawa méjì tí ọṣẹ ti hó nínú wọn, ó gba àárín ọgbà wọlé bí ẹni tí wọ́n ní ilé ń jó, ó sì da wọ́n lé ọ́ìlì náà lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ṣàà! Ó ní títí di òní, òun kò mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bá ké pé omi, omi ni ènìyàn á gbé fún un.

Ká ní sìmẹ́ńtì náà dagẹ̀rẹ̀ ni, omi á sàn lọ sínú koríko. Ó tẹ́jú. Omi náà kò mọ ibi tí yóò gbà, ó sì gba ibi gbogbo. Ó gbé ọ́ìlì lé orí ara rẹ̀, ó ń dán bí òṣùmàrè, ó tàn dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gba abẹ́ tapólì wọlé láàárín òkúta méjì. Morónkẹ́ rí omi náà bó ṣe ń wọ abẹ́ tapólì. Ó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe bí ìdènà níwájú tapólì náà. Ọ́ìlì wà lára ọwọ́ náà láti ìka dé abíyá.

Dáramọ́lá dé pẹ̀lú agbọ̀n eérú. Ó dúró. "Ta ló da omi sí i?"

Bámijókò gbé garawa òfìfo méjèèjì sílẹ̀.

Hannah bá wọn báyìí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ náà yọ̀, ó di ara ọkọ̀ mú. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo eérú, ó wo garawa méjì, ó wo ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. Ó lọ ká tapólì sókè, ó bu kòkó díẹ̀ lókè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó bu òmíràn, ó fi eyín là á, ó sì tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ti ìsàlẹ̀ ti lọ," ó wí.

"Ìyá Morónkẹ́, èmi ni mo da omi," Bámijókò wí. "Wọ́n ké pé omi, mo sì gbé e wá."

"Èmi ni mo ké, Màámi," Morónkẹ́ wí. "Èmi ni. N ó san án fún yín. Gbogbo rẹ̀ pátápátá."

Hannah wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ. "Tí Ògúnyẹmí bá ki imú bọ àpò mi lọ́jọ́ Ajé, èló lo fẹ́ san fún imú rẹ̀?"

Ó da èyí tó là sọ́wọ́ nù, ó sì nawọ́ sí ọkọ̀ náà.

"Gbé ọkọ̀ rẹ kúrò níbí. Ti òkè kò tíì fà á. Kí n fọ ulẹ̀, kí n sá èyí tó kù kí oòrùn tó lọ."

"Màámi, kò lè lọ. Kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀. Tí mo bá tan án báyìí, ẹ́ńjìnnì á kú."

"Ẹ jẹ́ ká tì í nígbà náà."

Wọ́n tì í. Dáramọ́lá tì í, Bámijókò tì í, Morónkẹ́ gbé èjìká tì í. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń yọ̀ nínú ọ́ìlì àti ọṣẹ, wọ́n ń tì í, àwọn fúnra wọn ló ń padà sẹ́yìn. Dáramọ́lá fi orúnkún gbálẹ̀. Ọkọ̀ olówó iyebíye náà jókòó lórí pákó mẹ́jọ, kò mira.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, kí Morónkẹ́ parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó padà sábẹ́ ọkọ̀. Ó ki ọwọ́ sínú abọ́ ọ́ìlì, ó ń táràrà wá bóòtù. Ó rí i, ó wẹ̀ ẹ́, ó fi bóòtù méjèèjì dí ihò wọn. Ó tú fíltà, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Lójú ara rẹ̀, láti abẹ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ń rí, tó ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú atẹ, tó ń bu kòkó tó mọ́ láti òkè wá díẹ̀díẹ̀, tí kò jẹ́ kí ọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Bámijókò ní kó máa kó o wá sórí sìmẹ́ńtì tòun. Kò tóbi tó ti Joseph, ó sì ti sán, ṣùgbọ́n ó mọ́.

Morónkẹ́ jáde, ó da ọ́ìlì tuntun sí i, lítà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó wọ inú ọkọ̀, ó tan án. Ẹ́ńjìnnì ké ramúramù. Sikirínì sọ fún un pé kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná ná kí òun tó wọn ọ́ìlì. Ó dúró. Èéfín ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ náà, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ tààrà síbi tí Hannah ti ń bu kòkó.

"Pa á!"

Ìgbà kan ṣoṣo tí ìyá náà gbé ohùn sókè lọ́jọ́ náà nìyẹn. Morónkẹ́ pa á.

"Màámi, mo ní láti jẹ́ kó gbóná kí n tó lè gbé e sọ̀kalẹ̀. Tí ọ́ìlì rẹ̀ kò bá pé—"

"Kí kòkó yìí kúrò níbí ná."

Morónkẹ́ jókòó sínú ọkọ̀. Àga rẹ̀ jẹ́ awọ, ó sì ń ba àga náà jẹ́, kò bìkítà mọ́. Kò lè tan ọkọ̀, kò lè gbé e lọ, kò lè mọ̀ bóyá ohun tó ṣe dára. Oòrùn ń yí lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí atẹ tó kún níwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

Hannah wo ọwọ́ náà. "Ọwọ́ yẹn?"

Morónkẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó sáré lọ sídìí garawa, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi kànìnkànìn ha á, ó fi eérú Dáramọ́lá ra á títí awọ fi ń ta á. Dúdú rẹ̀ dín kù. Ó gbé e sí imú. Òórùn ọ́ìlì náà wà níbẹ̀ bí ẹni pé kò tíì fọwọ́ kan omi.

"Kẹrosíìnì ló ń bọ́ ọ," Dáramọ́lá wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló ronú, ó mi orí. "Àmọ́ òórùn kẹrosíìnì náà ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ lè bá wọn gbé e?" Morónkẹ́ bi í.

Dáramọ́lá na ọwọ́ tirẹ̀ jáde. Ogún ọdún tó ti fi ń tún bọ́ọ̀sì ṣe wà lára ọwọ́ náà. 

Àwọn méjèèjì wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì, àwọn tó lágbára jù nínú ọgbà náà, wọ́n ń wo ìyá arúgbó méjì tó ń ru kòkó. Hannah lọ, ó bọ̀. Bámijókò lọ, ó bọ̀. Àádọ́rin ọdún ti kọjá lórí Hannah. Ní ìgbà karùn-ún, ó dúró di ìbàdí mú kó tó tẹ̀ síwájú. Morónkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún dá a padà.

Nígbà tó ku ìwọ̀n atẹ kan, Hannah fi ìka ṣa á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń dán, a sọ ọ́ nù sínú èyí tó ti bàjẹ́. Èyí tó gbẹ, a gbọ́ òórùn rẹ̀, a gbé e sínú atẹ. Ohun tó kù lórí sìmẹ́ńtì ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ, ó rẹ sínú omi dúdú. Hannah kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Màámi," Morónkẹ́ wí. "Ẹ bínú sí mi. Ẹ sọ nǹkan kan."

Hannah fi òṣùká sórí, ó tẹ̀ ba, ó gbé atẹ náà lé e fúnra rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó nu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nínú koríko, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.

"Ó tán," ó wí. "O lè tan ọkọ̀ rẹ báyìí."

Ó gba àárín ọgbà lọ sọ́dọ̀ Bámijókò, ọrùn rẹ̀ le, ọwọ́ kan di atẹ mú, kò sì wẹ̀yìn wò.